Bí ẹ ṣe lè máa gbọ́ ohùn ẹni yín tó wà lẹ́wọ̀n ní Amẹ́ríkà, kí ẹ sì máa rí ojú rẹ̀

Ní alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n mú àbúrò mi, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni fóònù mi dún. Nọ́ńbà tí mi ò mọ̀ ni, mo sì ti gbà pé àwọn tó máa ń polówó ìnṣọ́ránsì mọ́tò ló tún dé. Nígbà tí mo gbé ẹlẹ́ẹ̀kẹta, ohùn ẹ̀rọ kan bẹ̀rẹ̀ sí í ka Gẹ̀ẹ́sì gbọọrọ bí ẹni ń kéde ní pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo ní, "Ẹ má bínú, mi ò rà," mo sì pa á. Ọjọ́ kẹta lẹ́yìn ìyẹn ni mo tó gbọ́ ohùn ọmọ ìyá mi. Òun náà ti rò pé a ti kọ òun sílẹ̀.

Ohun tí ǹ bá fẹ́ kí ẹnì kan ti sọ fún mi lálẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo kọ síbí. Ẹ kọ́kọ́ fi kiní kan sọ́kàn: ẹ ò lè pe ẹni tó wà ní àtìmọ́lé. Òun ni yóò máa pè yín. Iṣẹ́ tiyín ni pé kí ẹ ti ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ kó tó dé, torí bí ìpè náà bá bá ilẹ̀kùn ní títì, kò ní dúró kànkùn.

Ẹ mọ ibi tó wà

Ẹni tí ọlọ́pàá ṣẹ̀ṣẹ̀ mú, tí ẹjọ́ rẹ̀ kò tíì parí, jéèlì kántì (ìyẹn ìjọba ìbílẹ̀ ti Amẹ́ríkà) ló sábà máa ń wà, ṣẹ́ríìfù, ọ̀gá ọlọ́pàá kántì, ló sì máa ń bójú tó o. Ẹ wá ìkànnì ṣẹ́ríìfù kántì tí wọ́n ti mú un, kì í ṣe ti kántì tó ń gbé. Ẹni tí ìpínlẹ̀ ti dá ẹ̀wọ̀n fún, ìkànnì àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ náà ni ẹ ó ti rí orúkọ rẹ̀. Bó bá jẹ́ ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀, irú èyí tí wọ́n ń torí jìbìtì orí íntánẹ́ẹ̀tì gbé àwọn ọmọ wa lọ, bop.gov, ìkànnì àjọ ọgbà ẹ̀wọ̀n ìjọba àpapọ̀, ni. Nọ́ńbà tí wọ́n ń fún ẹlẹ́wọ̀n níbẹ̀ jẹ́ díjíìtì mẹ́jọ: márùn-ún ṣáájú, ìlà kékeré kan, mẹ́ta lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń dúró de ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ lè wà ní jéèlì kántì kan tí wọ́n háyà àyè níbẹ̀, nítorí náà ẹ wo méjèèjì. Bó bá jẹ́ pé àwọn ìmígíréṣọ̀n ló mú un, locator.ice.gov ni ẹ ó lọ. Nọ́ńbà tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú A, tó ní díjíìtì mẹ́sàn-án, àti orílẹ̀-èdè tí wọ́n bí i sí ni wọn yóò béèrè. Ẹ wo ìwé ìmígíréṣọ̀n rẹ̀ àtijọ́ nílé, nọ́ńbà náà lè wà lórí ọ̀kan.

Orúkọ wa ni yóò kọ́kọ́ dá yín dúró. Akọ̀wé tó ń kọ orúkọ sílẹ̀ láago méjì òru kò mọ èwo ni orúkọ bàbá nínú Olúwadámiláre àti Adéṣọkàn. Ó lè fi ọ̀kan sí ipò èkejì, ó lè gé ọ̀kan sí méjì, ó lè sọ ṣ di s-h tàbí kó má sọ ọ́. Bí ẹ bá wá a tí ẹ ò rí i, ẹ fi lẹ́tà mẹ́ta tàbí mẹ́rin àkọ́kọ́ nìkan wá a níbi tí wọ́n bá gbà yín láyè. Ẹ fi orúkọ àbísọ sí ààyè orúkọ ìdílé. Ẹ kọ ọ́ bó ṣe wà nínú páàsìpọ́ọ̀tù gan-an, títí kan èyí tí wọ́n ṣì kọ níbẹ̀. Bí gbogbo rẹ̀ ò bá já sí nǹkan, ẹ ní sùúrù wákàtí díẹ̀: orúkọ kì í jáde títí wọn yóò fi gba ìka ọwọ́ rẹ̀ tí wọn yóò sì ya fọ́tò rẹ̀, ìyẹn sì lè gba odidi òru kan.

Nígbà tí ẹ bá rí i, ẹ kọ nọ́ńbà ẹlẹ́wọ̀n rẹ̀ sórí bébà, ẹ lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara fíríìjì. Gbogbo nǹkan tí ẹ fẹ́ ṣe lẹ́yìn èyí, nọ́ńbà yẹn ni wọn yóò máa béèrè. Ní jéèlì, wọn ò mọ "àbúrò mi tó ga, tó pupa."

Ta ló ń gbé ìpè wọn?

Ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù tí ẹ̀yin ń lò kọ́ ló ń ṣe tiwọn. Jéèlì kọ̀ọ̀kan ti fọwọ́ síwèé pẹ̀lú ilé-iṣẹ́ kan ṣoṣo, ẹ̀yin àti ẹlẹ́wọ̀n ò sì lè yàn. Securus àti ViaPath, tí wọ́n ń pè ní GTL tẹ́lẹ̀, ló gbajúmọ̀ jù. ICSolutions àti NCIC náà wà. Ojú ìwé tí jéèlì fi ń ṣàlàyé ìbẹ̀wò àti fóònù lórí ìkànnì wọn ló máa ń sọ èyí tí wọ́n ń lò. Ìsopọ̀ tó wà lójú ìwé yẹn ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá kàn kọ ọ́ sí Google, ìpolówó ló máa ń wà lókè, kì í sì í ṣe gbogbo wọn ló mọ́.

Ẹ wá ṣí àkáǹtì lórúkọ yín bó ṣe wà lórí káàdì ìdánimọ̀, pẹ̀lú nọ́ńbà fóònù tí ẹ fẹ́ kó máa pè. Lórí áàpù náà, ẹ yan ìpínlẹ̀, ẹ yan jéèlì, ẹ fi orúkọ tàbí nọ́ńbà rẹ̀ wá a. Títí débí, kò sí ìṣòro. Ọ̀rọ̀ owó ló kàn, ibẹ̀ ni mo sì ti jìn sí kòtò.

Àpò mẹ́ta ló wà, wọ́n sì jọra lójú. Àpò kìíní so mọ́ nọ́ńbà yín: owó tí ẹ bá fi síbẹ̀, ìpè sí nọ́ńbà yín nìkan ló ń san. Securus ń pè é ní AdvanceConnect, ViaPath ń pè é ní AdvancePay. Àpò kejì wà lọ́wọ́ ẹlẹ́wọ̀n fúnra rẹ̀. Ó lè fi pè yín, ó lè fi pe ìyàwó rẹ̀, ó lè fi pe lọ́yà. Àpò kẹta ni owó káńtíìnì, tí ó fi ń ra ọṣẹ àti oúnjẹ. Dọ́là àádọ́ta ni mo kọ́kọ́ fi ránṣẹ́, mo jókòó ti fóònù ní gbogbo alẹ́, kò dún. Àpò káńtíìnì ni mo fi owó sí. Àbúrò mi rí owó, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run, ó fi ra núdùlù. Àwọn jéèlì kan ń gba ẹlẹ́wọ̀n láyè láti fa owó láti àpò kẹta sí èkejì, àwọn mìíràn ò gbà.

Ìmọ̀ràn tèmi: ẹ fi dọ́là mẹ́wàá tàbí ogún bẹ̀rẹ̀ sínú àpò kìíní, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀ ná. Ẹ wò ó bóyá wọ́n fẹ́ yọ owó kankan fún iṣẹ́ kí ẹ tó tẹ bọ́tìnnì ìkẹyìn, ó lè wà nísàlẹ̀ ní lẹ́tà wínníwínní. Bí èèyàn méjì tàbí mẹ́ta bá wà nínú ẹbí tó fẹ́ máa bá a sọ̀rọ̀, àpò kejì ló rọrùn jù, kí ẹ dá owó jọ síbẹ̀.

Kí ẹ tó sanwó rárá, ẹ wò ó bóyá ọ̀fẹ́ ni níbẹ̀. Connecticut ni ìpínlẹ̀ àkọ́kọ́ tó sọ ìpè láti ọgbà ẹ̀wọ̀n rẹ̀ di ọ̀fẹ́, ní 2022. California ṣe é ní oṣù kìíní 2023, Minnesota ní oṣù keje ọdún kan náà, Massachusetts ní oṣù kejìlá rẹ̀. Ti Massachusetts dé jéèlì kántì. Ti California ò dé ibẹ̀, ọgbà ẹ̀wọ̀n ìpínlẹ̀ nìkan ni. Ní ìlú New York, jéèlì ìlú náà ti ń jẹ́ kí wọ́n pè lọ́fẹ̀ẹ́ láti 2019.

Bí ẹni yín bá wà lábẹ́ ìjọba àpapọ̀, ètò tiwọn yàtọ̀. Òun ló gbọ́dọ̀ kọ nọ́ńbà yín sí orúkọ àwọn tó fẹ́ máa pè, nọ́ńbà ọgbọ̀n ni wọ́n sì sábà ń gbà. Ẹ rí i pé nọ́ńbà tó ní lọ́wọ́ tọ̀nà. Ìwọ̀nba èèyàn ló mọ nọ́ńbà ẹnikẹ́ni lórí mọ́, fóònù ló ń bá wa rántí, wọ́n sì ti gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Lẹ́tà kan tí ẹ kọ nọ́ńbà yín sí gàdàgbà, tí ẹ fi ránṣẹ́ sí àdírẹ́sì ọgbà náà pẹ̀lú nọ́ńbà rẹ̀ lára àpòòwé, lè ṣe ohun tí áàpù mẹ́ta ò lè ṣe.

Ẹ tọ́jú fóònù tiyín

Bí iPhone ni ẹ ń lò, ẹ lọ sí ètò fóònù, ẹ pa ibi tó ń dá àwọn nọ́ńbà àjèjì lẹ́kun. Ẹ yọ áàpù tó ń lé àwọn apolówó, tàbí kí ẹ sọ fún un pé kó gba nọ́ńbà jéèlì láyè. Ẹ má fi nọ́ńbà Google Voice tàbí nọ́ńbà orí íntánẹ́ẹ̀tì forúkọ sílẹ̀, ọ̀pọ̀ jéèlì kì í gbà á. Ẹ má yí ìpè sí nọ́ńbà mìíràn. Ẹ̀rọ tó ń gba ohùn sílẹ̀ bí ẹ ò bá gbé fóònù ò lè bá yín tẹ bọ́tìnnì, nítorí náà ìpè tó bọ́ sórí rẹ̀ ti lọ nìyẹn.

Nígbà tí ó bá dún, ohùn ẹ̀rọ ni ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́. Ó máa sọ orúkọ jéèlì, ó máa dákẹ́ díẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohùn ẹni yín níbi tó ti dárúkọ ara rẹ̀, ó máa sọ pé wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ yín sílẹ̀, ó máa wá ka nọ́ńbà tí ẹ ó tẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán. Nọ́ńbà kan ń gba ìpè wọlé, òmíràn ń dí gbogbo ìpè láti jéèlì yẹn pátápátá, kì í sì í ṣe nọ́ńbà kan náà níbi gbogbo. Ìyàwó mi tẹ èyí tó ń dí i. Ó gbà wá ní ọ̀sán gbáko lórí fóònù ilé-iṣẹ́ náà, pẹ̀lú orin, kí wọ́n tó ṣí i padà.

Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni ìpè kan sábà máa ń tó kó tó já fúnra rẹ̀. Ẹ̀rọ á kìlọ̀ fún yín bó bá ku ìṣẹ́jú kan. Bẹ́ẹ̀ ni a mọ̀ bí àwa ṣe ń kíra wa: ẹ kú ilé, ẹ kú àìsùn, ẹ kú ọ̀rọ̀ ènìyàn, ara ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́, ìṣẹ́jú mẹ́rin ti lọ, a ò tíì sọ nǹkan kan. Ẹ kọ ohun tí ẹ fẹ́ sọ sórí bébà kó tó pè. Oògùn tó ń lò, ta ni kó lọ bá ilé ìfowópamọ́, ọjọ́ tí yóò fojú hàn nílé ẹjọ́. Kí ẹ wá fi ìyókù kíra yín.

Ẹ má jẹ́ kí Yorùbá tàn yín

Níbí ni mo fẹ́ kí ẹ dúró sí pẹ́. Gbogbo ìpè ni wọ́n ń gbà sílẹ̀, àfi ti lọ́yà tí wọ́n ti fọwọ́ sí nọ́ńbà rẹ̀ pé ìkọ̀kọ̀ ni. Ìyẹn náà kì í ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀: ẹ bi lọ́yà yín bóyá ó ti forúkọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ ní jéèlì yẹn. Agbẹjọ́rò ìjọba lè béèrè fún ìpè yòówù, kó sì gbé e kalẹ̀ níwájú adájọ́.

Àṣìṣe wa ni pé a gbà pé bí a bá ti yí ọ̀rọ̀ sí Yorùbá, a ti tilẹ̀kùn. Ògbufọ̀ Yorùbá wà fún ìjọba láti pè. Ọmọ Ìbàdàn bí tiyín ni, ó gbọ́ òwe, ó gbọ́ ẹnà, ó mọ ohun tí àwọn ọmọ ìgboro ń pè ní "iṣẹ́." Bí ẹ bá sọ pé "nǹkan yẹn tó wà nílé, ẹ lọ gbé e sọ́dọ̀ bọ̀ọ̀dá yẹn," bí ẹ ṣe ṣe é bí àdììtú yẹn gan-an ni yóò jẹ́ kí wọ́n wá a. Ẹ má sọ̀rọ̀ ẹjọ́ rárá. Ẹ má sọ ohun tó ṣe, ẹ má sọ ohun tí kò ṣe, ẹ má dárúkọ ẹni tó wà níbẹ̀. Bó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé ara rẹ̀, ẹ dá a dúró: "Àbúrò, ìyẹn di ti lọ́yà."

Àdúrà náà ńkọ́? Màmá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa bá àbúrò mi gbàdúrà lórí fóònù mi. Ó gbóná gan-an. "Gbogbo àwọn tó fẹ́ jẹ́rìí ta kò ọ́, iná á jó wọn, wọn ò ní rí ọjọ́ ẹjọ́ yẹn!" Gbogbo wa nínú pálọ̀ ṣe àmín. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún lọ́yà wa, ó bi mí pé kí ni yóò jọ bí wọ́n bá tú u sí Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n kà á létí àwọn èèyàn méjìlá tó máa ń pinnu nílé ẹjọ́ bóyá ẹni jẹ̀bi, tí wọn kò tíì wọ ṣọ́ọ̀ṣì aládùúrà rí. Ara mi bù máṣọ. Lójú àwa, àdúrà ni. Lórí bébà, ìhalẹ̀ mọ́ ẹlẹ́rìí ni. Láti ìgbà náà, àdúrà ojú àánú lọ́dọ̀ adájọ́ àti ààbò ní òru nìkan là ń gbà lórí fóònù. Ti iná, a ń gbà á lẹ́yìn tí fóònù bá já.

Fídíò

Orí áàpù kan náà ni ìpè fídíò sábà máa ń wà, ṣùgbọ́n ìforúkọsílẹ̀ tirẹ̀ tún wà lọ́tọ̀. Wọn yóò ní kí ẹ ya fọ́tò iwájú àti ẹ̀yìn káàdì ìdánimọ̀ yín, kí ẹ tún ya ojú ara yín. Ẹ tẹ́ káàdì náà sórí tábìlì dúdú nítòsí fèrèsé, torí iná gílóòbù tó ń dán lórí rẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ̀ ọ́ fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Jéèlì ló máa ń fọwọ́ sí i, kì í ṣe áàpù, ó sì lè gba ọjọ́ mélòó kan. Ẹ wo ojú ìwé áàpù lójoojúmọ́, kí ẹ sì wo àpótí ìfìránṣẹ́ ìdọ̀tí (spam) nínú ímeèlì yín, ibẹ̀ ni èsì tèmi sùn sí.

Bí wọ́n bá ti gbà yín, ẹ yan ọjọ́ àti àkókò. Ọ̀pọ̀ jéèlì ń fẹ́ kí ẹ yàn án kó tó ku ọjọ́ kan, ó kéré tán. Ẹ kọ́kọ́ béèrè àkókò tí wọ́n ń ka iye àwọn ẹlẹ́wọ̀n àti àkókò oúnjẹ, torí bí ẹ bá yan àkókò yẹn, ojú ògiri ni ẹ ó máa wò. Ẹ wọlé ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ṣáájú. Ẹ fi íápíìsì sétí. Ẹ jókòó síbi tí ìmọ́lẹ̀ ti ń bá ojú yín, kì í ṣe ẹ̀yìn yín.

Ọ̀gá ọgbà ẹ̀wọ̀n lè máa wò yín bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀, nítorí náà ẹ wọṣọ bí ẹni ń lọ kí i lójúkojú. Aṣọ tó ṣí àyà, síngílẹ́ẹ̀tì, aṣọ tó fi ara hàn, wọ́n lè torí rẹ̀ já ìpè náà. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí kò forúkọ sílẹ̀ kò gbọdọ̀ yọjú. Ọmọ kékeré lè wà pẹ̀lú àgbàlagbà tó forúkọ sílẹ̀ níbi tí wọ́n bá gbà, ẹ ka òfin wọn. Ẹ má ya fọ́tò ojú fóònù, ẹ má sì gba fídíò náà sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n kan tí mo mọ̀ yà á láti fi ṣe ìkíni ọjọ́ ìbí lórí Facebook, wọ́n sì gbé fídíò kúrò lọ́wọ́ wọn fún ìgbà pípẹ́.

Bí jéèlì bá ti gbogbo wọn mọ́ yàrá lọ́jọ́ náà, fídíò náà kò ní wáyé. Ẹ ya fọ́tò ibi tí áàpù ti kọ pé kò wáyé, ẹ kọ̀wé béèrè owó yín lọ́jọ́ kan náà.

Màmá tó wà nílé

Màmá wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, ó fẹ́ gbọ́ ohùn ọmọ rẹ̀. Ohun tó máa ń kọ́kọ́ wá síni lọ́kàn ni pé ká fi WhatsApp pe Màmá lórí fóònù kejì, ká gbé méjèèjì sún mọ́ra. Ẹ má ṣe é. Òfin wọn ni pé kò sí ẹnì kẹta nínú ìpè, ẹ̀rọ wọn sì ń tẹ́tí sí i. Ìpè lè já, wọ́n sì lè gba ẹ̀tọ́ fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Òun ni yóò jìyà rẹ̀, kì í ṣe ẹ̀yin.

Ọ̀nà tó tọ́ ni kí ẹ fi owó sí àpò ẹlẹ́wọ̀n, kó sì pe Màmá tààrà níbi tí wọ́n bá gba ìpè sókè òkun. Á tẹ 011, á tẹ 234, á wá tẹ nọ́ńbà Màmá láìfi òdo iwájú sí i. Owó rẹ̀ le ju ti abẹ́lé lọ dáadáa, nítorí náà ẹ bá Màmá sọ̀rọ̀ lórí ìkíni. Ẹ tún ṣírò aago: bí agogo mẹ́ta ọ̀sán bá lù ní New York, aago mẹ́jọ alẹ́ ni nílé nígbà ooru, aago mẹ́sàn-án nígbà òtútù. Houston tún fi wákàtí kan jìnnà sí i. Bí Màmá bá ń tètè sùn, òwúrọ̀ Amẹ́ríkà ló dára.

Owó tó ga jù, àti àwọn gbájú-ẹ̀

Ní ọdún 2000, màmá àgbà kan tó fọ́jú ní Washington, D.C., tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Martha Wright, gbé ọ̀rọ̀ owó ìpè ọmọ-ọmọ rẹ̀ lọ sílé ẹjọ́. Ní 2003 ó mú un tọ FCC lọ, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ tẹlifóònù. Ó kú ní 2015. Òfin tó ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ ni ààrẹ fọwọ́ sí ní January 5, 2023, òun ló sì fún FCC lágbára lórí iye owó ìpè inú ìpínlẹ̀ àti ti fídíò. Bí iye tí wọ́n ń gbà ní ìṣẹ́jú kan bá dà bí ẹni pé ó ga jù, ẹ wo iye tó ga jù tí wọ́n fàyè gbà lórí fcc.gov, ibẹ̀ náà ni ẹ lè kọ ẹ̀sùn sí lọ́fẹ̀ẹ́.

Orúkọ ẹni tí wọ́n mú wà níta gbangba, àwọn gbájú-ẹ̀ sì ń kà á bí ẹ̀yin ṣe ń kà á. Ẹni tó bá pè yín pé òun ni ọ̀gá jéèlì, pé kí ẹ fi Zelle tàbí káàdì ẹ̀bùn sanwó ìdúró (béèlì) lójú ẹsẹ̀, irọ́ ló ń pa. Ẹ pa fóònù, ẹ pe nọ́ńbà tó wà lórí ìkànnì jéèlì fúnra yín.

Bó bá dákẹ́ lójijì

Ó ti ń pè lójoojúmọ́, ọjọ́ mẹ́ta kọjá, kò dún. Kí ẹ tó fọkàn sí ohun tó burú, ẹ tún orúkọ rẹ̀ wá lórí ìkànnì jéèlì. Wọ́n lè ti gbé e lọ síbòmíràn lóru, ibẹ̀ sì lè máa lo ilé-iṣẹ́ mìíràn, ẹ ó sì tún àkáǹtì ṣí láti ìbẹ̀rẹ̀. Bó bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ wo owó tó kù nínú àpò yín, ẹ wò ó bóyá káàdì báńkì tí ẹ fi ń sanwó ti kọjá ọjọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ pe jéèlì, kí ẹ béèrè bóyá wọ́n ti wọ́n mọ́lé tàbí wọ́n gba ẹ̀tọ́ fóònù lọ́wọ́ rẹ̀. Wọ́n lè má dáhùn ìyẹn. Ẹ wá béèrè àlùfáà jéèlì, kí ẹ ní kó bá yín sọ fún un pé fóònù yín ṣì ṣí. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n ti gbé e lọ, ẹ kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ àkọ́kọ́ pé kí wọ́n dá ìyókù owó yín padà. Tèmi jẹ́ dọ́là mọ́kànlá ó lé díẹ̀, mo sì gbà á.